Ẹ gbà mí, iṣẹ́ àròkọ fẹ́ pa mí

Tíṣà Èdè: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ. Ó ti rẹ̀ mí kọjá sísọ. Orí àròkọ ni mo sùn lé lálẹ́ àná, bírò pupa yí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọkọ mi ní bí mo bá tún gbé ìwé ọmọ ẹlòmíì wá sórí bẹ́ẹ̀dì, òun á kó lọ sí pálọ̀. Tíṣà ìṣirò tí a jọ jókòó máa ń máàkì tirẹ̀ tán ká tó ṣíwọ́. Ọ̀gá wa ò tiẹ̀ béèrè rí. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dín ọmọ tí mo ń kọ́ kù. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ mélòó lápapọ̀? Ẹ ò sọ ìyẹn.

Bàbá Àkànbí: Ọmọ 52 ló wà ní kíláàsì mi nígbà tèmi, ìjókòó ò tó. Mo fara dà á. Àròyé yín ti pọ̀ jù.

Ìyá Ìbejì: Ìfaradà ò kọ́ ọmọ ní àròkọ, bàbá. Nínú ìwádìí Tennessee ní Amẹ́ríkà, 1985 sí 1989, kíláàsì ọmọ 13 sí 17 ṣe dáadáa nínú ìwé kíkà ju ti 22 sí 25 lọ.

Bàbá Àkànbí: Jẹ́lé-ó-sinmi sí kíláàsì kẹta nìyẹn! Àwọn àgbà ọmọ ńkọ́?

Màmá Tíṣà: Ẹgbẹ́ CCCC ti àwọn olùkọ́ ìkọ̀wé ní yunifásítì Amẹ́ríkà ní kí kíláàsì ìkọ̀wé má kọjá ọmọ 20, kí olùkọ́ kan má sì ní ju 60 lọ ní sáà kan. Àgbà ni àwọn yẹn.

Tíṣà Èdè: Kíláàsì 6, ọmọ 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àròkọ kan ń gbà mí ní ìṣẹ́jú 10. Ẹ má ní kí n máa fojú fò ó o.

Màmá Tíṣà: Wákàtí 30 nìyẹn, fún iṣẹ́ kan ṣoṣo! Òun ni kí o kọ sí lẹ́tà, fi ti ọkọ rẹ sílẹ̀. Má sì fàlà sí gbogbo àṣìṣe. Mú ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan.

Ìyá Ìbejì: Ṣé kíláàsì 6 náà ni wọ́n fún àwọn yòókù?

Tíṣà Èdè: 5 ni wọ́n fún mi. Ẹlẹ́gbẹ́ mi lọ bímọ, mo bá a gba tirẹ̀. Ó ti padà dé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ó ti béèrè wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Àkànbí: Áà! O wá ń dá ọ̀gá lẹ́bi?

Tíṣà Èdè: Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló ń kọ nígbà tí mo gbà wọ́n, á tún fi apá bò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ ojú ewé méjì lórí ikú bàbá àgbà rẹ̀, ó ní kí n kà á sókè fún gbogbo kíláàsì. Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún?

Màmá Tíṣà: Fún tíṣà rẹ̀. Ọmọ 150 ṣì pọ̀ jù, torí náà kọ lẹ́tà yẹn. Ṣùgbọ́n dá wọn padà kí o tó fi ránṣẹ́, ohun tí ọ̀gá máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn.

Tíṣà Èdè: Mo gbọ́, mà. Àròkọ wọn ti ọ̀sẹ̀ yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n máàkì ìyẹn ná.