Mo fẹ ihò sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ ìgégi mi, báwo ni kí n ṣe sẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ̀rọ ìgégi 60 cc ni tèmi. Mo fẹ ihò sàlẹ́ńsà rẹ̀ kí èéfín lè ráyè jáde. Agbára rẹ̀ lé sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ iná dé òpin, ohùn rẹ̀ á máa han gooro, ara rẹ̀ á sì gbóná kíákíá. Bí mo bá fi iná sílẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Skúrù H, èyí tó ń díwọ̀n epo nígbà tí iná bá dé òpin, ò yí ju díẹ̀ lọ, ike orí rẹ̀ ló ń dá a dúró. Ẹnì kan ní kí n fi ọ́ìlì kún epo kí ó di 25:1, ìyẹn pẹtiróòlù ìwọ̀n 25 sí ọ́ìlì ìwọ̀n kan. Ẹ gbà mí o, mi ò fẹ́ kí písítìnì jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ 1: Àbúrò, pa á ná. Ebi epo ló ń pa á. Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá ti pọ̀ sí i, kabúrétọ̀ sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Inú pẹtiróòlù ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí wà, kò ní òmíràn lọ́tọ̀. Bí epo ò bá tó, ọ́ìlì náà ò tó nìyẹn. Tú sàlẹ́ńsà, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo ara písítìnì láti ojú ihò èéfín. Bí ó bá ń dán, dúpẹ́. Bí o bá rí ìlà tó fá a lára lóròó, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti skúrù.

Ọmọ ẹgbẹ́ 2: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé ti 25:1 yẹn. 50:1 jẹ́ mílílítà 20 ọ́ìlì sínú lítà epo kan. 25:1 jẹ́ mílílítà 40. Ihò kan náà ni ọ́ìlì àti pẹtiróòlù jọ ń gbà. Àyè tí ọ́ìlì bá gbà, pẹtiróòlù ò rí i gbà mọ́, ebi yẹn á tún le sí i. Èmi máa ń lo 40:1, mílílítà 25, mi ò sì ń yí i padà.

Ọmọ ẹgbẹ́ 3: "Ó ń pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀" yẹn ló ká mi lára jù. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ níbi tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láìtẹ iná, kí ẹ fì í sọ́tùn-ún, sósì, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò. Bí ìró rẹ̀ bá ń yí padà, ẹ wo rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ sìlíńdà, àti ọ́ìlì síìlì méjèèjì, àwọn rọ́bà tó ń dí etí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún lósì. Kò sí skúrù tó lè wo ìyẹn sàn.

Olùbéèrè: Písítìnì ń dán! Rọ́bà yẹn ló ti là lábẹ́, mo ti fi tuntun sí i. Ike H ńkọ́?

Ọmọ ẹgbẹ́ 1: Yọ ọ́. Fọ fítà afẹ́fẹ́, so ṣéènì bó ṣe yẹ. Fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ pa H àti L (skúrù epo tí ẹ́ńjìnnì ń lò láìtẹ iná) dé òpin, kí o wá ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyípo kan. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀. Yí L títí ẹ́ńjìnnì yóò fi sáré dé ibi tó lè sáré dé láìtẹ iná, kí o ṣí i díẹ̀ sósì, kí ó lè gbéra lójú ẹsẹ̀. Bí ṣéènì bá ń yí fúnra rẹ̀, fi skúrù kẹta, èyí tó ń ṣètò eré láìtẹ iná, mú eré walẹ̀.

H gan-an ni iṣẹ́ wà. Tẹ iná dé òpin, kí o ṣí i sósì títí ohùn á fi wúwo, á máa dún gbùrùgbùrù bí ẹni tó ń húkọ́. Wá ti ẹ̀rọ náà sínú igi. Bí ohùn bá já gaara nínú igi, tó sì padà sí gbùrùgbùrù bí o ti ń gbé e jáde, fi H síbẹ̀. Má ṣe wá ohùn dídùn nígbà tí kò sí igi lẹ́nu rẹ̀. Ohùn yẹn ló ń pa písítìnì.

Ọmọ ẹgbẹ́ 2: Ẹ ṣọ́ra o, àwọn kọ́ìlì kan máa ń dá iná púlọ́ọ̀gì dúró bí eré bá pọ̀ jù, ohùn wọn sì jọ gbùrùgbùrù yẹn. Bí ẹ bá yí H díẹ̀ tí ohùn ò yí padà, kọ́ìlì ni. Ẹ ṣí H sí i, kí gbùrùgbùrù bẹ̀rẹ̀ kí eré tó dé ibẹ̀.

Olùbéèrè: H dúró ní ìyípo kan àti ààbọ̀. Ohùn ń já gaara nínú igi, ó sì ń rọlẹ̀ ní kété tí mo bá fi iná sílẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tó funfun tẹ́lẹ̀ ti ń pọ́n bí amọ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ 3: Ó dára. Bí òtútù bá mú, ẹ tún H wò kí ẹ tó gé igi. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń ki ju ti ooru lọ, epo á tún nílò díẹ̀ sí i.