Megger kì í ka ọjọ́ orí: èsì lórí «ìdánwò ọjọ́ orí wáyà»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká máa pe iṣẹ́ tí megger, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ohun tó bo wáyà ṣe ń dènà iná tó, ń ṣe lára kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ní «ìdánwò ọjọ́ orí wáyà». Ẹ má bínú sá, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu, àmọ́ á ṣi oníṣẹ́ lọ́nà.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Jẹnẹrétọ̀ 415 fóòtì: ẹ pa á, ẹ tú AVR (ẹ̀rọ tó ń ṣètò fóòtì rẹ̀) kúrò kó má baà jóná, ẹ yọ níútírà kúrò lára áàtì, kí ẹ wá fi 500 fóòtì DC sáàárín kọ́ìlì àti bọ́dì. Ẹ ka iye tó hàn ní ìṣẹ́jú 1, ẹ tún kà á ní ìṣẹ́jú 10. Bó bá jẹ́ 40 megohm (mílíọ̀nù ohm 40) àti 100, ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín ìkejì: 2.5, ó dáa. 40 àti 44 ńkọ́? Omi tàbí ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́.

Kọ́ìlì tuntun tó sùn ní ṣọ́ọ̀bù l'Òṣogbo lásìkò òjò lè ka iye kékeré. Ẹ yan án gbẹ, á padà bọ̀ sípò. Èyí tó ti gbó, tí ooru ti sun fánìṣì rẹ̀ (ọ̀dà tó bo wáyà) débi pé èékánná lásán ń ṣí i, lè ka iye ńlá nígbà ọyẹ́, torí pé ó gbẹ táútáú. Ẹ gbé lóòdù lé e, ó gbọ̀n, fánìṣì là, ó ṣọ́ọ̀tì. Èwo ni àgbà nínú àwọn méjèèjì lójú megger?

Ooru náà tún wà ńbẹ̀: bí kọ́ìlì bá fi 10°C gbóná sí i, iye yẹn á wálẹ̀ sí bí ìdajì. Ìwé àkọsílẹ̀ ọdún dé ọdún, tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ sí 40°C, ló lè fi ogbó hàn.

Nítorí náà, «ìbora wáyà» ni kí fánìṣì, pépà àti téèpù máa jẹ́. «Ìdábòbò» tí àwọn kan mú wá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún fíùsì àti bírékà. Ohun tí megger kà, «ìdènà ìbora». Ìpín yẹn, «mẹ́wàá-lórí-ọ̀kan»: ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. «Ìtọpa ogbó ìbora» ni ti ìwé ọdún dé ọdún.

Ó ku ọ̀kan. Lẹ́yìn ìdánwò, iná ṣì wà nínú kọ́ìlì. Ẹ so ó mọ́ áàtì fún ìṣẹ́jú 40 ó kéré tán kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo ní «ìtú-iná-sílẹ̀» fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ?