Sítíárì tó dẹ̀ lára ọkọ̀ àtijọ́: ẹ sọ tiyín

Awakọ̀ Adó:

Benz 230E ni mò ń wà, irú tí wọ́n ń pè ní W123, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1984. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá yí sítíárì díẹ̀, ọkọ̀ kò gbọ́. Àfi kí n yí i tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta kí táyà tó tẹ̀ lé e. Nínú Adó, ó ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n mo máa ń gba Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ẹni tó bá sì mọ òkè yẹn mọ̀ pé kọ́nà ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń wá sítíárì kiri.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dẹ nọ́ọ̀tì orí àpótí sítíárì, ìyẹn àpótí irin tí eyín inú rẹ̀ ń gbé yíyí sítíárì lọ sọ́dọ̀ táyà, ó sì fún síkúrù tó wà níbẹ̀. Lóòótọ́, sítíárì le. Àmọ́ nígbà tí mo yí kọ́nà tán tí mo dẹwọ́, kò padà fúnra rẹ̀ mọ́. Ibi tí mo yí i sí ló dúró sí. Ìyẹn burú ju dídẹ̀ lọ. Ohun tó bá jẹ nínú àpótí nìkan ni síkúrù yẹn wà fún. Ẹni tó bá ń fi í wo àrùn ibòmíràn, eyín inú àpótí ló ń bà jẹ́.

Ọ̀gá àgbàlagbà kan lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ ló bá mi yanjú ẹ̀. Kò fi jáàkì gbé ọkọ̀ rárá. Ó ní kí táyà wà nílẹ̀, kí ọkọ̀ wúwo lé wọn lórí. Ẹ́ńjìnnì kú, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó sídìí sítíárì, ó ń yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, láìdúró. Ọ̀gá wọ abẹ́, ó ń fọwọ́ lé oríkèé kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀pá kan bá ti sún, tí èyí tó tẹ̀ lé e kò tíì sún, àárín àwọn méjèèjì ni àrùn wà. Nígbà tó dé ìdí idler arm, apá irin tó gbé ọ̀pá sítíárì ró ní òdìkejì àpótí, ó pè mí, èmi náà sì sùn sílẹ̀ wò ó. Apá yẹn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kó tó wá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó tú u, rọ́bà búṣì rẹ̀ ti rún, ó ń dà dúdú sí wa lọ́wọ́.

Búṣì tuntun kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi àpótí tí wọ́n ti ń bá mi ná. Ó dá síkúrù padà sí ipò rẹ̀, a wá ṣe alignment, ìyẹn títọ́ táyà sọ́nà, kẹ́yìn. Alignment kì í wo sítíárì tó dẹ̀ sàn o! Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tó ń mì hàn yín ná.

Ìyá Ìkọ̀lé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tèmi yàtọ̀. Corolla 2003 ni. Táyà ń gbọ́ dáadáa, sítíárì gan-an ló ń mì lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ ọ̀pá ló ti tú: rewáyà tó ṣe họ́ọ̀nù ló tú u, kò sì fún un padà bó ṣe yẹ. Inú bí mi gidigidi, torí àwọn ọmọ ni mò ń fi ọkọ̀ yẹn gbé lọ sílé ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bú jáde nígbà ìjàǹbá, wà lábẹ́ ìdérí họ́ọ̀nù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kó yọ orí bátìrì, kó sì dúró tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, torí iná ṣì máa ń kù nínú rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀mùò:

Pick-up 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná ni mo fi ń kó iṣu. A gbé iwájú rẹ̀ sókè, a di táyà mú lápá ọ̀tún àti òsì, a mì í: ó gbọ̀n. A dì í mú lókè àti nísàlẹ̀: kò mì. Bíárìn kọ́ nìyẹn, tie rod end ni, oríkèé tó so ọ̀pá sítíárì mọ́ ìdí táyà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló já mi láyà. Nọ́ọ̀tì tó di tie rod end apá òsì mú kò ní pín, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú. Wáyà iná ni ẹnì kan fi dì í, wáyà ọ̀hún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá tú kúrò lórí eré, táyà òsì á máa lọ síbi tó wù ú, ohun yòówù kí ẹ fi sítíárì ṣe. Pín tuntun kò tó nǹkan lówó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki í bọ̀ ọ́ lójú yín, kí wọ́n sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó sanwó.