Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Rocks, ẹ wá rojọ́

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Rocks ni mo ní lọ́kàn, fíìmù nípa ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rocks ní Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìyá rẹ̀ fi òun àti Emmanuel àbúrò ẹ̀ sílẹ̀; ó jáde ní sinimá ní 2020. Àwọn oníròyìn ìlú òyìnbó yìn ín dé góńgó, BIFA, ẹ̀bùn àwọn fíìmù aládàáni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ di fíìmù aládàáni tó dára jù, Bukky Bakray tó ṣe Rocks sì gba Rising Star, ẹ̀bùn òṣèré tó ń gòkè bọ̀, ní BAFTA 2021, ayẹyẹ ẹ̀bùn fíìmù ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo ń kà ṣáá ni pé ó kún fún ayọ̀. Ẹkún ni mo sun ní tèmi. Àbí orí mi ò pé ni? Ẹ sọ bó ṣe ṣe yín.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Èmi àti mọ́mì mi la jọ wò ó. Bó ṣe dé ibi lẹ́tà àti owó tí ìyá fi sílẹ̀, mọ́mì dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ro ọbẹ̀. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Ẹlẹ́kọ: Ọ̀pọ̀lọ́ tí àbúrò Rocks ń sìn ni mo ń ṣàánú.

Bàbá Dírẹ́bà: Abiyamọ tòótọ́ kì í fọmọ sílẹ̀. Òyìnbó ló darí ẹ̀, ẹ ò rí i? Wọ́n fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́ ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Bàbá, Theresa Ikoko, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Sarah Gavron ló darí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ló ń fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ara ìyá náà ò yá, kì í sì í ṣe ibà. Mò ń rí irú wọn níbi iṣẹ́, wọ́n á ní "ó kàn rẹ̀ mí ni".

Àkọ́bí: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà yẹn. Iṣẹ́ òru ni mọ́mì ń ṣe, wọ́n ń nu ọ́fíìsì níbi méjì. Èmi ni mò ń tọ́jú àbúrò mi méjì. A ti kọ́ ọ sórí: ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn, "Mọ́mì ń wẹ̀." Lálẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan wá láti ilé ìwé. A ní mọ́mì ń wẹ̀. Ó ní òun á dúró. Ó sì dúró o! Àbúrò mi kékeré bá lọ ṣí omi sílẹ̀ nínú báàfù, ó ń kọrin bí àgbà obìnrin. Omi ṣàn dé pálọ̀. Nígbà tí Rocks ń gbé Emmanuel sá kiri nítorí sósà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè gba ọmọ lọ, mo dá fíìmù dúró, mo lọ yẹ báàfù wò.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ó kọrin kẹ̀? Orin wo?

Àkọ́bí: Orin ṣọ́ọ̀ṣì mọ́mì.

Bàbá Dírẹ́bà: Irọ́. Ṣé obìnrin náà ò mọ ohùn ọmọdé ni?

Àkọ́bí: Ó mọ̀. Ó kàn lọ ni. Mi ò mọ ìdí ẹ̀ dòní. Ìyá Ìbejì, àwọn tó pè é ní ayọ̀ ò purọ́ tán o. Bó ṣe lọ, ẹ̀rín la rín títí a fi nulẹ̀ tán.

Ẹlẹ́kọ: Omotoso mà ni orúkọ ìdílé Rocks. Ọmọ tó ọ̀ṣọ́, ìyá wá bọ́ ọ̀ṣọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀ jàre!

Bàbá Dírẹ́bà: Ibo la tiẹ̀ ti ń rí fíìmù yìí wò gan-an?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ ò tíì wò ó?!

Bàbá Dírẹ́bà: Mo ka ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀.