Ford àtijọ́ aláìlórùlé: mọ́gáàdì kúkúrú ni àbí gígùn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Àgùdà Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá, mo sì mọ̀ pé àwọn tó gbọ́n jù mí lọ nídìí rẹ̀ pọ̀ níbí.

Ford Model A ọdún 1930 kan wà nílé wa, ti bàbá tó bí ìyá mi. Èkó ni wọ́n ti rà á, ìdí nìyẹn tí sítíárìn rẹ̀ fi wà lápá ọ̀tún, nítorí apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà títí di 1972. Ara ọkọ̀ náà ti jẹ tán, ṣùgbọ́n ṣáṣì rẹ̀, egungun irin tó gbé ọkọ̀ dúró, ṣì le koko, ẹ́ńjìnnì sì ti ń dáhùn. Ẹbí jókòó, a ní ká má wulẹ̀ wá ara àtijọ́ kiri mọ́, ká sọ ọ́ di speedster: ìjókòó méjì, kò lórùlé, kò ní ilẹ̀kùn, imú gígùn, ìdí ṣóńṣó. Tólíyé, ẹni tó ń rọ ara ọkọ̀, ti bá wa rọ ara tuntun náà tán, ó sì wuyì púpọ̀. Ẹni tó bá ń kọjá níwájú ilé a dúró wò ó.

Mọ́gáàdì, irin tó ń bo orí táyà, ló wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ ti dógùn-ún, ìka lásán ń lu wọ́n já. Ìyá mi fẹ́ ká rọ irú èyí tó gùn, tí pátákó ìtẹ̀sẹ̀ so ti iwájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ ọkọ̀ bàbá wọn láti kékeré. Àbúrò mi ní ká má fi nǹkan kan sí i rárá, pé ìhòòhò ni táyà hot rod, ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kó lè sáré, máa ń wà. Èmi ń ro èyí kúkúrú tó tẹ̀ lé táyà yípo, bíi ti alùpùpù.

Táyà rẹ̀ jẹ́ 4.75-19. Mo wọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀, ó jẹ́ 72 sẹ̀ǹtímítà. Àárín Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí la ó ti máa lò ó jù, lójò lẹ́ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n a fẹ́ gbé e dé Kétu fún ìpàdé ẹbí, gba Sákété àti Pobẹ̀ kọjá. Èwo ni ká mú? Lára ṣáṣì ni ẹsẹ̀ mọ́gáàdì, irin tó máa gbé e dúró, yóò wà ni, àbí lára táyà? Irú irin wo ni ká sì rà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa mí tì.

Tólíyé Kétu

Ọmọ Àgùdà, o kú ìtọ́jú ohun ìní bàbá. Iṣẹ́ gidi lẹ ń ṣe yẹn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àbúrò rẹ lóhùn. Àwọn ọ̀dọ́ California tó bẹ̀rẹ̀ hot rod kò ṣàdédé yọ mọ́gáàdì. Orí adágún tó ti gbẹ ni wọ́n ti ń sáré, bíi Muroc nínú aṣálẹ̀ Mojave. Ọdún 1937 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SCTA sílẹ̀ láti máa ṣètò eré náà. Ilẹ̀ tẹ́jú lọ salalu, kò sí ẹrẹ̀, ohunkóhun tó bá wúwo tàbí tó ń dènà afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń já dànù kí ọkọ̀ lè yára. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí kì í ṣe adágún gbígbẹ. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹ jáde láìsí mọ́gáàdì nínú ọkọ̀ aláìlórùlé, orí yín ni ẹrẹ̀ yóò máa bọ́ sí.

Èyí kúkúrú tí o ń rò dára, kò sì ṣàjèjì sí ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn. Òun ló wà lára ọkọ̀ MG kékeré tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1929. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń gé e. Táyà ń gbé omi láti ilẹ̀, ó ń gbà á látẹ̀yìn gòkè, ó sì ń jù ú síwájú bó bá dé orí, nítorí orí táyà ń sáré ní ìlọ́po méjì eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí mọ́gáàdì iwájú bá bẹ̀rẹ̀ ní góńgó orí táyà gan-an, omi yóò fò jáde síwájú, afẹ́fẹ́ yóò dá a dúró, ọkọ̀ yóò sì sáré wọ inú rẹ̀. Ojú awakọ̀ ni yóò gbà á. Nítorí náà, jẹ́ kí etí rẹ̀ kọjá góńgó yẹn lọ síwájú dáadáa, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi bá àárín táyà dọ́gba. Bó bá tún rẹlẹ̀ sí i díẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀.

Ìdajì 72 jẹ́ 36. Fi àlàfo 5 kún un, ó di 41. So okùn mọ́ ìṣó, fa òbìrí 41 yẹn sórí páálí, gé páálí náà, kí o gbé e sórí táyà wò kó o tó fọwọ́ kan irin. O máa rí i pé táyà iwájú kan yóò gba irin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 110 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn. Ní ti fífẹ̀, táyà rẹ jẹ́ 12, jẹ́ kí mọ́gáàdì jẹ́ 18, kí o sì fi 2 sílẹ̀ lọ́tùn-ún, 2 lósì, fún etí tí ẹ ó ká. Inú etí yẹn ni kí ẹ ká wáyà 4 mìlímítà sí. Mọ́gáàdì tí kò ní wáyà nínú etí yóò máa gbọ̀n, yóò máa pariwo, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù. Bí o bá gbé mọ́gáàdì kúkúrú sórí ṣáṣì níwájú, táyà yóò máa fò sókè nígbà tí mọ́gáàdì dúró, yóò sì máa yà nígbà tí mọ́gáàdì kò yà. Á jẹ́ pé o ní láti gbé e ga, kí o sì mú un fẹ̀ débi tí kò ní dùn ún wò mọ́. Jẹ́ kó bá táyà rìn. Bóòtì mẹ́rin ló de àwo irin ẹ̀yìn bíréèkì mọ́ irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀. Yọ wọ́n, wá èyí tó gùn jù wọ́n lọ, tí wọ́n kọ 8.8 sórí rẹ̀ (àmì agbára rẹ̀ nìyẹn), fi irin pẹlẹbẹ 6 mìlímítà sáàárín, kí ẹsẹ̀ méjì jáde láti ara irin pẹlẹbẹ yẹn, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Páìpù róbótó tó nípọn ni kí o fi ṣe ẹsẹ̀, má lo irin pẹlẹbẹ tín-ínrín; ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà yóò dá a. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó ohunkóhun mọ́ irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀ o. Iná a máa sọ irú irin bẹ́ẹ̀ di aláìlágbára, táyà iwájú kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi dánra wò.

Níbi tí ẹsẹ̀ ti kan mọ́gáàdì náà, má jó o pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó ni irin fẹ́ẹ́rẹ́ ti máa ń ya. Fi irin kékeré lẹ̀ ẹ́ nínú, gé rọ́bà túùbù àtijọ́ sáàárín, bóòtì, wáṣà tó fẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì.

Wẹ́dà Sábẹ̀

Ọ̀gá Kétu ti sọ̀rọ̀, mo kín wọn lẹ́yìn. Ti irin ni tèmi.

Ẹ má ra páànù ìbolé. Bí iná bá kan sínkì ara rẹ̀, èéfín rẹ̀ a máa fa ibà àti orí fífọ́ fún ẹni tó ń jó o. Irin dúdú 1.2 mìlímítà ni kí ẹ rà. Bí owó kò bá tó, dúróòmù 200 lítà wà. Bó ṣe wà kò ní gba táyà yín, torí inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju bíi 57 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá là á, tí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, irin tó tó 180 sí 88 lẹ ní lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí òkè méjì tó yí ara dúróòmù po. Ẹ gé e láàárín wọn, ẹ ó rí ege mẹ́ta tó mọ́. Dúróòmù méjì tó yín fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún máa ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé irin lé àpò iyanrìn, kí ẹ máa fi òòlù onígi lù ú láti àárín lọ sétí.

Mẹkáníìkì Wàńdó

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan dúróòmù! Ní Àjàṣẹ́ níbí, páyò, ìyẹn epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ni ọ̀pọ̀ dúróòmù ti gbé rí. Dúróòmù páyò tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, torí èéfín epo ló kún inú rẹ̀, ẹ̀tapàrà iná kan ṣoṣo ti tó láti fọ́ ọ. Ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn, ẹ má fi ẹ̀rọ ìgérin tó ń tanná gé e. Èyí tó gbé epo pupa rí ni kí ẹ wá, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ rọ omi kún inú rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ṣí ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi irin ìgbẹ́ àti òòlù gé e. Bí kò bá dá yín lójú pé kì í ṣe ti páyò, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ ra irin tuntun. Mo ń bẹ̀ yín ni.

Ọlọ́jà Sákété

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọkùnrin. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn zémíjàn, alùpùpù akérò, ni mo máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá ń lọ sọ́jà. Òkúta tí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ta sọ́nà, ojú wa ló ń bọ́ sí. Iwájú nìkan lẹ ń sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ti ẹ̀yìn bo táyà dáadáa kó sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú rẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín náà, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn, báwo ni màmá ṣe fẹ́ gòkè wọ̀ ọ́? Ẹ fi pátákó ìtẹ̀sẹ̀ sí i, bó bá tilẹ̀ kúrú. Bàbá wọn ló ni ọkọ̀.

Ọmọ Àgùdà Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Sákété, mo ka ọ̀rọ̀ yín sí màmá létí, wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀ kí yín.

Ọ̀gá Kétu, mo ti lọ wo àwo bíréèkì náà. Ọwọ́ irin bíréèkì wà lókè gan-an, ó jókòó lórí irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mọ́gáàdì bá gba ibẹ̀ kọjá, ó máa kàn án. Ìkejì, ọ̀pá tó gbé iná iwájú méjèèjì dúró, ara mọ́gáàdì àtijọ́ ni wọ́n dè é mọ́. Tí mọ́gáàdì bá ti lọ, níbo ni iná yóò dúró?

Tólíyé Kétu

O ṣe dáadáa tí o lọ wò ó fúnra rẹ. Lórí Model A, láti òkè ni bíréèkì iwájú ti ń gba àṣẹ, inú ọ̀pá ìdúró tí táyà iwájú fi ń yà sọ́tùn-ún sósì ni ó gbà sọ̀ kalẹ̀ wọ bíréèkì. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹsẹ̀ kankan gba òkè. Jẹ́ kí wọ́n jáde láti ìsàlẹ̀ àwo náà, kí wọ́n tẹ̀ yọ síta, kí wọ́n tó gòkè. Ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nígbà tí ìwọ ń wò ó. Lẹ́yìn náà, fi jáàkì gbé e, yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí o wò ó bóyá mọ́gáàdì kan ara ọkọ̀ tàbí ọ̀pá sítíárìn. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí àwọn tó wúwo jókòó síwájú rẹ̀ kí sípíríǹgì lè rọ̀, kí o tún yí i. Mọ́gáàdì tó bá táyà rìn kò ní kan táyà láé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le, ara ọkọ̀ ló máa ń kàn.

Kó fúyẹ́ o. Ohun tó bá wà lára táyà, sípíríǹgì kò bá ọ gbé e. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ ni ọ̀nà ń gbọ́.

Mẹkáníìkì Wàńdó

Ti iná, ẹ ṣe ọ̀pá tuntun tó de ṣáṣì lápá ọ̀tún àti òsì, kó gba iwájú rédíétọ̀ kọjá, kí iná dúró lórí rẹ̀. Ẹ má gbé e sórí mọ́gáàdì tó ń yà. Ẹ tún wo iná ẹ̀yìn, torí ẹ̀gbẹ́ mọ́gáàdì ẹ̀yìn lòun náà dúró sí tẹ́lẹ̀. Ẹ wá àyè fún un lára ọkọ̀ kó tó di pé ẹ gbàgbé.

Abẹ́ mọ́gáàdì: ọ̀dà adènà ìpatà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ọ̀dà dúdú tó nípọn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ọkọ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà wa níbí kì í dá irin sí, ilẹ̀ pupa tó bá sì há sínú etí tí ẹ ká yẹn a máa di omi mú. Ẹ máa fi omi fọ inú rẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Ọmọ Àgùdà Àjàṣẹ́

Ó ti yé mi. Ohun tí a fẹnu kò sí nílé nìyí: kúkúrú tó ń bá táyà yà níwájú, èyí tó fẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀ dáadáa lẹ́yìn, pátákó ìtẹ̀sẹ̀ kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan fún màmá. Irin tuntun la máa rà, a ò ní fọwọ́ kan dúróòmù. Àbúrò mi kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé páálí sórí táyà, òun fúnra rẹ̀ ló ní ó bá a mu.

Tólíyé Kétu

Ó dára. Má kun ọ̀dà síbẹ̀. Fi amọ̀ rírọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ibi gbogbo tí o rò pé mọ́gáàdì lè kàn lára ọkọ̀, wà á gba ibi tó ní kòtò dé Wàńdó, kí o padà wá wo ibi tí amọ̀ ti họ. Tún gbogbo nọ́ọ̀tì di. Ìgbà yẹn ni ọ̀dà kàn. Bí o bá sì fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa, ya ẹsẹ̀ rẹ̀ náà, má ya òkè dídán nìkan.