Ọkọ̀ kì í báni sọ̀rọ̀, ó ń tani lólobó ni

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹnìkan nínú wa dábàá "ìsokọ́ra ìbánisọ̀rọ̀ ọkọ̀" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún ètò tí àwọn ọkọ̀ fi ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síra wọn lójú pópó kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè dínkù. Ó gbìyànjú gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì balẹ̀ lọ́kàn mi.

Ẹni méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ a máa dára wọn lóhùn. Ọkọ̀ kì í dúró de èsì ní tirẹ̀. Ó kàn ń kéde ibi tó wà, bó ṣe ń sáré tó, ibi tó dojú kọ àti bóyá ó ti tẹ bíréèkì, tó ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí. Kí awakọ̀ tó fojú rí i pé ọkọ̀ karùn-ún níwájú ti ń dúró, ìròyìn ti dé etí rẹ̀. Wọ́n ta á lólobó nìyẹn! Iná ojú pópó pàápàá lè ta á lólobó ìgbà tí yóò yí sí àwọ̀ ewé. "Ìtanilólobó ọkọ̀" ni mo fara mọ́. Bí ẹ bá ní "ẹni" inú rẹ̀ sọ ọkọ̀ di ènìyàn, awakọ̀ ni ẹni tí à ń ta lólobó.

Ọ̀rọ̀ náà bá àìsàn tó fẹ́ wò mu. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ní Jàpáánì gbé àbájáde ìdánwò kan jáde: ọkọ̀ 22 ń yí po lójú ọ̀nà roboto tó jẹ́ mítà 230. Kò sí ìjàm̀bá, kò sí iná ojú pópó, síbẹ̀ wọ́n há. Ẹnìkan rọra dẹwọ́ eré, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ bíréèkì jù ú lọ, títí ẹnìkan fi dúró pátápátá. Sún díẹ̀, fà díẹ̀: ẹni tó ṣẹ̀dá "súnkẹrẹ-fàkẹrẹ" ti ṣàpèjúwe rẹ̀ tán, ohun tí "gòsílóò" kò lè ṣe. Awakọ̀ tí wọ́n bá tètè ta lólobó yóò ti dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní fi ìdádúró náà ránṣẹ́ sẹ́yìn.

"Ìsokọ́ra" ńkọ́? Ohun tó so kọ́ra kì í tètè tú. Àwọn ọkọ̀ yìí ń pàdé, wọ́n sì ń pínyà kíá, bí ìgbà tí èèyàn wọ agbo ijó tó sì jáde. "Agbo ìtanilólobó ọkọ̀" ni mo dábàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé "agbo ọkọ̀" lè dún létí ẹlòmíì bí ọkọ̀ tó ti há. Ta ló ní èyí tó sàn jù ú lọ?