Fọ́tò Eredo tó ń kiri lórí fóònù: ṣé bó ṣe rí gan-an nìyẹn?

Àbẹ̀kẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Alárè. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àwọn ẹbí ìyá mi ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹjọ: obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin méjì, orúnkún sì ń dun èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi, ti Eredo Súngbọ́, yàrà ńlá ayé àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ògiri ga fíofío lọ́tùn-ún lósì, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ọmọbìnrin aláṣọ funfun kan dúró láàárín, ìtànṣán oòrùn ń já bọ́ lé e lórí. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an làwọn máa dúró sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Kí ni kí n ti sọ fún wọn kí wọ́n tó wọ bàlúù? Wọ́n tún ń bèèrè ọdún Ojúde Ọba tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Bàbá Amọ̀nà, Òkè-Èrì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, fọ́tò yẹn ò parọ́, àmọ́ ibi tó dáa jù nìkan ló mú. Yàrà yẹn gùn tó bíi kìlómítà 160. Ó yí Ìjẹ̀bú-Òde àtàwọn ìlú tó wà nítòsí ká. Níbi tó jìn jù, téèyàn bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì, ó tó mítà 20. Ní ibòmíì ẹ̀wẹ̀, erùpẹ̀ ti ya wọ inú rẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, igbó ti bò ó, èèyàn á sì kọjá lórí rẹ̀ láì mọ̀ pé òun ti rí Eredo. Nítorí náà, ẹ má bèèrè pé "Eredo dà?" Ẹ fi fọ́tò yẹn han amọ̀nà, kẹ́ ẹ ní ibi tó dà bí èyí lẹ ń wá.

Ẹ ṣọ́ra fún máàpù pẹ̀lú. Ìlú kan ń jẹ́ Eredo lọ́nà Ẹ̀pẹ́, nípìnlẹ̀ Èkó. Tẹ́ ẹ bá kàn tẹ orúkọ yẹn, ibẹ̀ ló lè gbé yín lọ. "Òkè-Èrì" ni kẹ́ ẹ tẹ̀.

Èyí tí fọ́tò kì í sọ ló wá ṣe pàtàkì jù fún àlejò yín: obìnrin kì í wọ ojú oórì Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yàrà yìí, ní Òkè-Èrì. Àwọn ọkùnrin méjèèjì lè wọlé, wọ́n á sì bọ́ bàtà. Yàrà yàtọ̀ sí ojú oórì o. Tọkùnrin tobìnrin ló lè rìn nínú yàrà. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, kó má di pé wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n máa bá àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ fa ọ̀rọ̀.

Ayàwòrán, Ṣàgámù

Bàbá ti sọ ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kámẹ́rà. Ohun mẹ́ta ló sọ yàrà yẹn di àrà nínú fọ́tò. Àkọ́kọ́, lẹ́ńsì tó ń mú ibi gbígbòòrò, èyí tí wọ́n kọ 0.5 sí lórí fóònù. Ó máa ń na ògiri sókè, pàápàá tí ẹni tó ń yà á bá lóṣòó tó gbé fóònù sún mọ́ ilẹ̀. Èkejì, ẹni tí wọ́n ń yà jìnnà sí kámẹ́rà, torí náà ó kéré, ògiri sì di òkè ńlá. Ẹ ní kó sún mọ́ kámẹ́rà, kẹ́ ẹ wá wo bí ògiri á ṣe "fà sẹ́yìn". Ẹ̀kẹta ni àwọ̀.

Ẹ wo aṣọ funfun yẹn dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín ewé kọjá kì í fi aṣọ funfun sílẹ̀ ní funfun báláú, ó máa ń mú àwọ̀ ewé díẹ̀, àgàgà lábẹ́ àgbọ̀n àti lápá ibi tó bá kọ ojú sí ògiri. Tí aṣọ bá mọ́ bíi ti inú ilé tí ewé tó yí i ká sì ń tàn yanran, wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ìtànṣán náà: kì í hàn bí okùn bẹ́ẹ̀ àfi tí ìkùukùu tàbí èéfín bá wà nínú afẹ́fẹ́. Láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, ó ṣeé ṣe. Ní ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ fura.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi Google Lens wá fọ́tò náà, kẹ́ ẹ wo èyí tó pẹ́ jù nínú ohun tó bá gbé jáde, bóyá orúkọ ibòmíì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Google Maps, kẹ́ ẹ wo èyí tí àwọn àlejò yà láìpẹ́. Èyí tí ọwọ́ ẹ̀ gbọ̀n, tí ìka bo igun ẹ̀, òun ló ń sọ òótọ́ jù. Ẹ má wulẹ̀ wá ọjọ́ nínú fọ́tò tó gba Facebook tàbí WhatsApp wá, wọ́n ti yọ ọ́. Àfi tí ẹni tó yà á bá fi ránṣẹ́ bíi "document".

Ìyá Ìbejì, Ìpẹrù

Oṣù kẹjọ kẹ̀! Òjò máa ń dá díẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ inú yàrà kì í gbẹ kíákíá torí oòrùn ò ráyè wọ ibẹ̀. Amọ̀ pupa ni, ó ń yọ̀ bí ilá. Bàtà tó ní eyín lábẹ́ ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Kí wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn nítorí ẹ̀fọn àti èèkàn igi. Aṣọ funfun náà, inú báàgì ni kó wà títí wọ́n á fi dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbé e wọ̀ lórí ti ara wọn, torí amọ̀ yẹn kì í ṣí bọ̀rọ̀.

Aago mẹ́wàá sí méjì ni ìmọ́lẹ̀ ń dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù á máa fi agbára tan fọ́tò mọ́lẹ̀, ojú èèyàn á wá rí bàìbàì. Ẹ mú owó kéékèèké dání fún amọ̀nà, kẹ́ ẹ dúnàá-dúrà lókè kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Màmá olórúnkún, wọn ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Sísọ̀ kọ́ ni wàhálà, gígun òkè padà ni. Àga oníke kan lókè àti ẹnì kan tí á jókòó tì wọ́n ti tó.

Àbẹ̀kẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ pé obìnrin kì í wọ ojú oórì yẹn, n ò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n abẹ́ fọ́tò yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ojú oórì ayaba Ṣébà nìyí. Ṣé ká sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?

Bàbá Amọ̀nà, Òkè-Èrì

Ẹ sọ ọ́ bí ìtàn tí wọ́n ń sọ, pé Súngbọ́ ni ayaba Ṣébà. Ayaba Ṣébà inú Bíbélì àti Kùránì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún. Yàrà yìí, bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ṣírò rẹ̀, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìtàn tiwa ni pé opó olówó tí kò bímọ ni Súngbọ́, tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parun.

Ọmọ Balógun, Ìjẹ̀bú-Òde

Ojúde Ọba kò sí lóṣù kẹjọ o. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ó sì máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ló bọ́ sí lọ́dún 2025. Tí wọ́n bá máa wá lọ́dún mìíràn, kí wọ́n gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Àwọn fọ́tò ẹlẹ́ṣin tẹ́ ẹ ń rí nípa Ojúde Ọba, ẹni tó ní àyè níwájú ló yà wọ́n. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn, fìlà àti gèlè ló máa yà. Kí wọ́n fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n á ti pàdé kí wọ́n tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í gbé e níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìpẹrù

Tí màmá bá ń fẹ́ ibi tí wọn ò ní gun òkè, ẹ gbé wọn wá sí Rẹ́mọ, sí ilé Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọkọ̀ ń dé ẹnu ọ̀nà, fọ́tò ibẹ̀ àti ibẹ̀ gan-an ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbàlejò lọ́jọ́ náà àti bóyá wọ́n ń jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò nínú ilé.